Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n bíni sí ló ń sọni dọmọ, àbí ẹ̀jẹ̀?

Adé_Baltimore (6 Oṣù Kejìlá 2025)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè dá gbé.

Lánàá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn máa gbọ́ ẹjọ́ lórí àṣẹ tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó padà sórí oyè, 20 Oṣù Kìíní ọdún yìí. Fún ẹni tí kò bá tẹ̀lé e: àṣẹ náà ní ọmọ tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà mọ́ bí ìyá rẹ̀ kò bá ní ìwé ìgbélùú, tí bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé gbọ́. Apá kejì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́. Bí ìyá bá tilẹ̀ ní ìwé, tó bá ti jẹ́ ìwé onígbà díẹ̀, ìbáà ṣe físà àlejò, ti iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan náà ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Indiana. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló ní, ìyàwó rẹ̀ sì wà lábẹ́ físà rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ fásitì ní kẹ́místírì, ìjọba ń yọ owó orí nínú owó tí wọ́n ń san fún un. Wọn ò fo ògiri, wọn ò parọ́ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, àárín oṣù kẹta ni dókítà dá fún wọn. Lálẹ́ àná ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ibo ni mo fẹ́ bí?" Mi ò rí èsì fún un.

Mo fẹ́ gbọ́ tinú yín. Ẹ má fi bò.

Baba_Ìkòròdú (6 Oṣù Kejìlá)

Adé, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

O ní ká má fi bò, mi ò sì ní fi bò. Lójú tèmi, Trump kò jẹ̀bi níbí yìí. Èwo nínú àwọn bàbá wa ló gbà pé ilẹ̀ ló ni ọmọ? Bí obìnrin Ìjẹ̀bú bá lọ nájà ní Ìlọrin tó bímọ sọ́hùn-ún, ṣé ọmọ Ìlọrin ni wọ́n á pe ọmọ náà? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Oríkì bàbá rẹ̀ la máa kì í, agboolé bàbá rẹ̀ ló máa pín ogún.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà, abala 25, ohun kan náà ló sọ: ẹ̀jẹ̀ òbí tàbí ti òbí òbí ló ń sọni dọmọ Nàìjíríà. Ará Ṣáínà tó bá bímọ sí Ìkẹjà lónìí, ọmọ Ṣáínà ló bí. Kí ló dé tí ohun tí a ò fún ẹlòmíì nílé wa fi di ẹ̀tọ́ wa nílé onílé? Ọmọ àbúrò rẹ kì í ṣe aláìnílùú, ọmọ Nàìjíríà ni. Kí ló burú nínú ìyẹn?

ÌyáÌbejì_Houston (7 Oṣù Kejìlá)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má bínú sí mi, "ilé onílé" tí ẹ sọ yẹn ló dùn mí.

2009 ni mo bí àwọn ìbejì mi síbí. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Owó ilé ìwé àjèjì ni mo ń san, ó ju tàwọn ọmọ ìlú lọ fíìfíì. Mò ń bójú tó ìyá arúgbó kan lóru, mò ń lọ sí kíláàsì láàárọ̀, oyún ìbejì wà nínú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le ni mo wà. 2020 bá mi níbẹ̀. Èmi ni mo di fóònù mú sétí àwọn tó ń kú lọ kí ọmọ wọn lè sọ pé ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí lọ́jọ́ náà pé ilé ta ni mo wà.

Wọ́n ní à ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀ tí a fi ń kọ́ ilẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí. Ọmọ tí a bá bí síbí gbọ́dọ̀ pé ọdún 21 kó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún green card fún ìyá rẹ̀. Ta ló ń dẹ páńpẹ́ ọdún mọ́kànlélógún? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gba tèmi fún mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé kò bá mi fi ọwọ́ kàn án.

Àṣẹ yẹn kò kan àwọn tèmi, torí ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ló dá lé. Síbẹ̀, Kẹ́hìndé ka ìròyìn náà tán, ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní, "Mọ́mì, so they didn't want us?" Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìṣẹ́yìn ìlú wa, ilé tí ẹ ní ká máa wò yẹn, orí fóònù nìkan ló ti mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́_Ìtàn (7 Oṣù Kejìlá)

Baba Ìkòròdú bi wá pé kí ló dé. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní èsì, àmọ́ a ní láti padà sẹ́yìn. Òfin yìí kò ti orí àlejò bẹ̀rẹ̀ rárá. Orí ẹrú ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1857, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dred Scott, ẹrú tí wọ́n bí sí Virginia, gbé ẹjọ́ òmìnira rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Adájọ́ àgbà ìgbà náà, Roger Taney, dájọ́ pé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá lẹ́rú kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ìbáà wà lóko ẹrú, ìbáà ti gba òmìnira. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀jẹ̀ ni adájọ́ yẹn wò. Ilẹ̀ tí wọ́n bí Scott sí kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ogun abẹ́lé wá jà láti 1861 sí 1865. Nígbà tó parí, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló jáde kúrò lóko ẹrú, ìbéèrè tí àbúrò Adé bi í lálẹ́ ọjọ́sí ló sì kù: ọmọ ibo ni wọ́n?

Ní Oṣù Keje 1868 ni Àtúnṣe Kẹrìnlá wọ ìwé òfin Amẹ́ríkà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tàbí tí wọ́n fi òfin sọ di ọmọ ibẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ òfin rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Wọ́n gbé e lé ilẹ̀ torí pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí síta.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì bá wa tan. Ní 1860, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀, ọkọ̀ Clotilda kó bí àádọ́fà ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, Yorùbá láti apá Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní. Cudjo Lewis ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá fẹ́ tọ́jú owó ọkọ̀ padà sílé. Owó ò ká a. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú dó, ìlú tí wọ́n ń pè ní Africatown títí dòní. Ní 1868 kan náà ni wọ́n fi òfin sọ Kossola di ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tó bí ní orúkọ méjì méjì, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1935, kò fojú kan ilé mọ́.

Bàbá, bí a bá ní ilé la ó wò, ọmọ Bantè ni àwọn ọmọ Kossola. Wọn ò mọ Bantè, Bantè ò sì mọ̀ wọ́n. Àgbà tó sọ pé ilé là ń wò náà ló sọ pé ibi ò jùbí, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Lọ́kàn tèmi, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ lédè tiwọn ní 1868. Àwa tó dé lẹ́yìn, a kàn bá oúnjẹ lórí tábìlì ni. Àwọn ọmọ ẹrú ló sè é.

Lambeth_85 (8 Oṣù Kejìlá)

Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́. Èmi kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bá Amẹ́ríkà fà yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ìdílé wa tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, 1981 ni wọ́n bí i. Èmi, 1985. Ìyá kan, bàbá kan, ilé ìwòsàn kan náà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá wa ń kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó nígbà náà. Láàárín àwa méjèèjì ni òfin tí ìjọba Thatcher ṣe ní 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 1 Oṣù Kìíní 1983. Láti ọjọ́ náà, bíbí nìkan kò tó mọ́. Ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Bírítéènì tàbí ẹni tó ní àṣẹ àtigbé ibẹ̀ láìní gbèdéke. Ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ Bírítéènì. Èmi di àlejò níbi tí wọ́n ti gé ìwọ́ mi.

1988 ni wọ́n kó wa padà sí Ìbàdàn. Ká ní mo gbé Lọ́ńdọ̀nù di ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, òfin kan náà ì bá gbà mí láyè láti forúkọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ogún ọdún, ó mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó wọ bàálù lọ. Èmi gba fọ́ọ̀mù físà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi padà. Lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ìwé ìbí mi, ó wo ojú mi, ó ní, "So you were born in London," ó sì tẹ òǹtẹ̀ pé wọn ò gbà mí. Nínú ilé wa, a ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ìyá wa kàn máa ń sunkún bí ẹ̀gbọ́n mi bá fowó ránṣẹ́.

Kemi Badenoch tó ń darí ẹgbẹ́ Conservative lónìí, Wimbledon ni wọ́n bí i sí ní Oṣù Kìíní 1980, Èkó ló dàgbà sí. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ṣáájú ìlànà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ fi sílẹ̀. Mi ò bínú sí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ̀jẹ̀ wa kò yàtọ̀, ilẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn ará Ireland náà dìbò ní 2004, 79% sì ní kí bíbí nìkan má ṣe máa sọni dọmọ ibẹ̀ mọ́. Oyún àwọn obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ń polongo.

Àǹtí_Sùúrùlérè (8 Oṣù Kejìlá)

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, kó má dà bíi pé kò sírú wa. 2013 ni mo lọ bímọ sí Texas. Mi ò níṣẹ́ lọ́hùn-ún, mi ò kàwé lọ́hùn-ún. Mo lọ, mo bí, mo gba ìwé ìbí àti pásípọ́ọ̀tù ọmọ, mo padà sílé. Mo sọ òótọ́ fún ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ẹ́ḿbásì, mo sì san owó ilé ìwòsàn mi láìku kọ́bọ̀. Nígbà náà, òfin kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Oṣù Kìíní 2020 ni wọ́n ṣe ìlànà pé ẹni tí wọ́n bá rí i pé torí àtibímọ ló ṣe fẹ́ lọ, kí wọ́n má fún un ní físà àlejò.

Kí ló dé tí mo fi lọ? Ọmọ àkọ́bí mi kú sí ọwọ́ wọn ní Èkó, torí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìwé Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn lé e lórí ni.

Baba_Ìkòròdú (8 Oṣù Kejìlá)

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹnu mi wọhò.

Olùkọ́, mo ti ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ti Kossola rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹrú kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Toronto_Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà (9 Oṣù Kejìlá)

Ìbéèrè méjì fún Olùkọ́. Àkọ́kọ́, "lábẹ́ àṣẹ òfin rẹ̀" yẹn, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn èèyàn Trump gbá mú? Ìkejì, ṣé àṣẹ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?

Olùkọ́_Ìtàn (9 Oṣù Kejìlá)

Ibẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ní ẹni tí kò ní ìwé, tàbí tó wá fún ìgbà díẹ̀, ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ni ìfọkànsìn rẹ̀ wà, nítorí náà kò sí lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà tán pátápátá. Èsì tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rọrùn. Bí àbúrò Adé bá wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà ní Indiana, ọlọ́pàá á mú un, adájọ́ á rán an lẹ́wọ̀n. Abẹ́ òfin ta ló wà nígbà náà? Àwọn tí gbólóhùn yẹn yọ sílẹ̀ kò pọ̀: ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ ọ̀tá tó fi ogun gba ilẹ̀, àti àwọn ẹ̀yà Íńdíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà (kì í ṣe àwọn ará orílẹ̀-èdè Íńdíà) tó ní ìjọba tiwọn. Àwọn Íńdíà yìí ló dùn mí jù. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ sọ ní 1884 pé wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ó di 1924 kí òfin tó gbà wọ́n.

Ti ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí Bàbá bèèrè, ẹjọ́ Wong Kim Ark ló dá a lóhùn. San Francisco ni wọ́n bí i sí ní 1873, ará Ṣáínà ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá, òfin kò sì gbà wọ́n láyè rárá láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tó lọ sí Ṣáínà tó padà dé ní 1895, wọ́n tì í mọ́ inú ọkọ̀ lójú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ní 28 Oṣù Kẹta 1898, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ ní ọmọ ibẹ̀ ni. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń sọ báyìí pé àwọn òbí Wong ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, wọn ò sì dà bí akẹ́kọ̀ọ́. Orí ìyẹn ni ìjà máa dé.

Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́? Rárá. Ọjọ́ kẹta tó jáde ni adájọ́ John Coughenour ní Seattle, ẹni tí Reagan fi sípò, ti dá a dúró. Ní 27 Oṣù Kẹfà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ, mẹ́fà sí mẹ́ta, pé adájọ́ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ máa fi ìdájọ́ rẹ̀ de gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà wá gan-an lọ́sẹ̀ yẹn, torí ìpínlẹ̀ méjìlélógún ló pẹjọ́, Indiana kò sì sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní 10 Oṣù Keje, adájọ́ Joseph Laplante ní New Hampshire gbà kí gbogbo ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn pẹjọ́ pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan, ó sì dáàbò bò wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá wà. Adé, ọmọ tiyín wà lábẹ́ ìyẹn títí wọ́n á fi dájọ́.

Àkúrẹ́_Ni_Mí (10 Oṣù Kejìlá)

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń kà, mò ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀.

Ebira ni bàbá àti ìyá mi. Bàbá mi wá dáko lẹ́bàá Àkúrẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí ní 1990, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, Yorùbá ni mo fi ń lálàá. Nígbà tí mo fẹ́ wọ fásitì, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Mo dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní, "Agboolé wo?" Mo sọ àdúgbò wa. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ níbi tó ò ń gbé." Ó ní kí n lọ gbà á ní Òkénè.

Mo lọ sí Òkénè. Wọ́n bá mi sọ Ebira, ahọ́n mi wúwo. Ọ̀kan yíjú sí èkejì, ó ní, "Yorùbá lèyí." Ìgbà kẹta tí mo lọ ni mo tó rí ìwé náà gbà, bàbá mi ló bá mi lọ, ó ti ń ṣàìsàn.

Baba Ìkòròdú, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní kí ló burú nínú kí ẹ̀jẹ̀ máa sọni dọmọ. Èyí ló burú níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rán mi lọ síbi tí wọn ò mọ̀ mí, ilẹ̀ tó mọ̀ mí sì ní òun ò bí mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọmọ ọwọ́ ní Indiana, ojoojúmọ́ la ń ṣe é fún ara wa nílé, a ò tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan.

Baba_Ìkòròdú (11 Oṣù Kejìlá)

Ọmọ mi, mi ò sùn lánàá.

Ẹ̀gbá ni bàbá tèmi. 1958 ló wá sí Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sin ín sí. Bí a bá ń ṣèpàdé àdúgbò títí dòní, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lè dìde kó sọ pé kí àlejò fi ẹnu mọ́ra. Ó máa ń dùn mí. Mi ò fi í wé ti ẹlòmíì rí.

Ti ẹni tó kàn lọ bímọ tó ń bọ̀ wálé, mo ṣì dúró lórí tèmi, Àǹtí kí wọ́n foríjì mí. Àmọ́ ọmọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ mi padà.

Adé_Baltimore (17 Oṣù Kejìlá)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo fi àlàyé Olùkọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn ti dé. Lánàá ni Trump fọwọ́ sí ìkéde tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gba físà àlejò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, láti 1 Oṣù Kìíní. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Òṣogbo ti san owó físà, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Wọ́n ti ra aṣọ òtútù. Àwọn ló fẹ́ wá wẹ ọmọ.

ÌyáÌbejì_Houston (17 Oṣù Kejìlá)

Ọjọ́ wo gan-an ni dókítà dá?

Adé_Baltimore (17 Oṣù Kejìlá)

14 Oṣù Kẹta.

ÌyáÌbejì_Houston (17 Oṣù Kejìlá)

Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò tíì lò. N ó wá, Kẹ́hìndé ní òun náà ń bọ̀. Ẹ sọ fún ìyá ní Òṣogbo kí wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn fi òrí àti ọṣẹ dúdú ránṣẹ́, kí wọ́n sì tan fóònù wọn sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ló máa kọ́kọ́ pe orúkọ.